Ẹ̀gẹ́ Kò Mọ Ẹnubodè: Bí Àwọn Orílẹ̀-Èdè Ṣe Ń Jọ Ṣe Ìwádìí, Tí Wọ́n sì Ń Jọ Ṣe Ìlànà

Bí ẹ bá gba Rye Lane kọjá ní Peckham, ẹ ó rí àpò gàrí lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ púpọ̀. Ẹ ó rí funfun, ẹ ó rí èyí tí wọ́n fi epo pupa sí, ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ Ìjẹ̀bú sí lára, ẹ ó sì rí èyí tó ti Gánà wá. Ó rọrùn láti rò pé oúnjẹ ilé lásán ni gàrí, ohun tí àwọn ìyá wa ń yan láti ayébáyé, tí kò kan yunifásítì tàbí ìjọba. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Láàárín ọdún 1970 sí 1990, ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní ibi púpọ̀ ní Áfíríkà. Ohun tó gbà á là ni pé àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, àwọn ìjọba sì ṣí ẹnubodè wọn fún ìmọ̀ láti wọlé.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó fi ẹ̀gẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí ẹ máa ń gbọ́ nínú ìròyìn: àjọṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè lórí ìwádìí àti ọgbọ́n tuntun. Bí ẹ ti ń kà á, ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta sọ́kàn. Ta ló rí ìmọ̀ náà? Ta ló gbà á láyè láti kọjá ẹnubodè? Ta ló sanwó rẹ̀, ta ló sì ń pinnu ibi tí iṣẹ́ máa gbà?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kí a tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí wẹ́wẹ́, nítorí wọn yóò máa padà wá.

Àkọ́kọ́ ni ìwádìí. Inú rẹ̀ ni a ti rí wá àti ìdí. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohun tó wà lókè nìkan ló ń wò.

Èkejì ni ìlànà. Inú rẹ̀ ni a ti rí là àti ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba bá ṣe ìlànà, ó la ọ̀nà tí àwọn ènìyàn máa gbà. Ọ̀nà tí a là dáadáa máa ń mú ni dé ibi tí à ń lọ kíá. Èyí tí a kò là dáadáa máa ń sọ ni nù.

Ẹ̀kẹta ni àjọṣepọ̀. Ẹ wo jọ tó wà ní àárín rẹ̀. Bí a bá sọ pé Adé àti Bọ́lá jọ ṣe iṣẹ́ kan, a kò sọ pé Adé rán Bọ́lá níṣẹ́. Ẹ rántí ìyàtọ̀ yìí, nítorí òun ni àríyànjiyàn máa dá lé nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ owó.

Àlejò tó di onílé

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn oníṣòwò láti Pọ́túgà ló gbé e wá sí etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oríṣi ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní sáyánáìdì. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ kúrò kò lè fọkàn balẹ̀ jẹ ẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú bọ̀ láti Bràsíìlì, wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n gàrí yíyan ká ilẹ̀ Yorùbá àti agbègbè rẹ̀. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé nǹkan wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè jáde, a ó jẹ́ kí ó kan, a ó sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà a ó yan án nínú agbada. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, májèlé ń dín kù.

Ẹ kíyè sí i pé ìmọ̀ ni èyí, àwọn tó ru ú kọjá òkun kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí á tó dá yunifásítì kankan sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni ọgbọ́n tuntun ti ń kọjá ẹnubodè.

Àrùn tó ń ká ewé kò

Ìṣòro ńlá àkọ́kọ́ ni àrùn kan tó máa ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di aláwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè pọ̀, tí yóò sì ká ewé náà kò. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, eṣinṣin funfun kékeré kan ló sì ń gbé e kiri. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn olùwádìí ní Amani, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Tanzania lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ igi kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbìn nítorí rọ́bà. Wọ́n ń wá ọmọ tí àrùn náà kò ní í lè mú. Ní àwọn ọdún 1950, irúgbìn láti Amani dé Moor Plantation ní Ìbàdàn, iṣẹ́ sì ń lọ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní 1967, wọ́n dá ilé ìwádìí àgbáyé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí gbogbo ayé ń pè ní IITA. Ìjọba Nàìjíríà fún un ní ilẹ̀. Ford Foundation àti Rockefeller Foundation láti Amẹ́ríkà gbé owó kalẹ̀. Ní 1971, ọmọ ilẹ̀ Kòríà kan tó ń jẹ́ Sang Ki Hahn dé síbẹ̀. Ó mú ohun tó ti Amani wá, ó dà á pọ̀ mọ́ oríṣi mìíràn, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì rí ẹ̀gẹ́ tó ń so dáadáa, tí àrùn ewé kò sì lè ṣe lọ́ṣẹ́ púpọ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni TMS 30572. Ní 1983, àwọn ará Ìkirè fi Hahn jẹ oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Oyè yìí ní ìtumọ̀ ju ayẹyẹ lọ. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń sọ ni pé àlejò tó bá ṣe wá lóore kì í ṣe àlejò mọ́.

Kòkòrò funfun àti agbọ́n kékeré

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní nǹkan bí 1973, àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Kóńgò rí i pé ohun kan tó dà bí ìyẹ̀fun bo orí ẹ̀gẹ́ wọn. Kòkòrò kékeré ni, ó ń mu omi ara ẹ̀gẹ́ náà. Ní 1977, onímọ̀ ará Faransé kan, Danièle Matile-Ferrero, ṣe àpèjúwe rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Phenacoccus manihoti. Kí ọdún 1970 àti díẹ̀ tó parí, ó ti dé Benin àti Nàìjíríà. Ní oko tí ó bá ti wọ̀ dáadáa, ó lè jẹ tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè. Ẹ ronú ohun tí èyí jẹ́ fún ìdílé tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ nìkan ló kù nínú oko nígbà tí àgbàdo ti tán.

Àwọn kan sọ pé kí á fi oògùn apakòkòrò sí i. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mélòó ló lówó oògùn, ta ló sì máa fọ́n ọn sí oko gbogbo láti Senegal dé Mozambique? Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó wà ní IITA, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bi ìbéèrè mìíràn: bí kòkòrò yìí bá ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá bíi ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, kí ló dé tí kò run ẹ̀gẹ́ ní ilé rẹ̀? Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀tá kan wà níbẹ̀ tó ń dín in kù.

Wọ́n wá a lọ. Ní àkọ́kọ́, wọ́n rí kòkòrò kan tó jọ ọ́ gan-an ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó wá hàn pé ìbátan rẹ̀ ni, kì í ṣe òun gan-an. Ní 1981, Anthony Bellotti, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CIAT ní Kòlóńbíà, rí kòkòrò náà gan-an ní Paraguay. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ọ̀tá rẹ̀: agbọ́n kan tó kéré gan-an, tí kì í ta ènìyàn. Anagyrus lopezi ni orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí. Inú kòkòrò funfun náà ni agbọ́n yìí máa ń yé ẹyin sí. Nígbà tí ẹyin bá pa, ọmọ rẹ̀ yóò jẹ kòkòrò náà láti inú títí yóò fi kú.

Wọn kò kàn ki agbọ́n náà sínú àpò kí wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, sí ọwọ́ àjọ kan tó ń jẹ́ Commonwealth Institute of Biological Control. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn tàbí kòkòrò mìíràn bá a wá. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbin ẹ̀gẹ́, òtútù rẹ̀ sì pọ̀, nítorí náà bí ohun búburú kan bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò ní rí ibi tí yóò gbé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ọdún 1981 ń parí lọ, wọ́n tú u sílẹ̀ ní oko ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó gbilẹ̀.

Nígbà tí ó yá, wọ́n ń sin agbọ́n náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, kódà wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú tú u sílẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ti fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó ju 20 lọ. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀, kò sì ra oògùn. Ní 1988, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Richard Norgaard ṣírò pé owó kan tí wọ́n ná mú èrè 149 wá. Ní 1995, Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize. Orúkọ kan ló wà lórí ẹ̀bùn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń kà á báyìí ti rí i pé ọwọ́ púpọ̀ ló wà nínú iṣẹ́ náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìtàn náà tún ní apá kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ní 2008, kòkòrò kan náà fara hàn ní Thailand. Ní 2009, àwọn ará Thailand gba agbọ́n náà láti ibùdó IITA ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìmọ̀ tí Áfíríkà gbà ní 1981, Áfíríkà náà ló fún Éṣíà. Àwọn tó bá rò pé apá àríwá ayé nìkan ni ìmọ̀ ti ń wá, kí wọ́n rántí ọ̀nà tó lọ láti Cotonou sí Bangkok.

Láti oko dé inú ìwé òfin

Ibi tí ìwádìí ti di ìlànà nìyí. Ẹ ronú: bí ẹnì kan bá tú ẹ̀dá abẹ̀mí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kí ó dúró sí Ìdìròkò kí àwọn aṣọ́bodè yẹ ìwé rẹ̀ wò. Yóò fò kọjá sí Benin, yóò dé Tógò. Nítorí náà, ìpinnu orílẹ̀-èdè kan jẹ́ ìpinnu fún gbogbo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Kò sí ìjọba tó lè dá irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ní 1995, FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, fọwọ́ sí ìlànà lórí bí a ṣe ń kó irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ mìíràn àti bí a ṣe ń tú u sílẹ̀. Ó sọ ojúṣe ẹni tó ń fi ránṣẹ́, ti ẹni tó ń gbà á, àti ti ìjọba. Irú àwọn ìgbésẹ̀ tí wọ́n gbé fún agbọ́n Paraguay, ìyàsọ́tọ̀, àyẹ̀wò, ìwé àṣẹ, ni ó wá di ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń retí lọ́wọ́ ara wọn.

Gàrí fúnra rẹ̀ náà wọ inú ìwé òfin. Codex Alimentarius, ètò tí FAO àti àjọ ìlera àgbáyé WHO jọ ń bójú tó, ní ìlànà kan fún gàrí nìkan, nọ́ńbà rẹ̀ ni 151, ti ọdún 1989. Ó sọ pé májèlé sáyánáìdì tó kù nínú gàrí kò gbọ́dọ̀ ju miligíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Ọgbọ́n tí àwọn obìnrin fi ojú, imú àti ọwọ́ mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ti di nọ́ńbà tí ẹni tó ń ta gàrí káàkiri ayé lè tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n ìlànà mìíràn wà tó mú àríyànjiyàn wá. Ní 1992, ní Rio de Janeiro, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn pé onílẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ẹ̀dá abẹ̀mí tó wà ní ilẹ̀ rẹ̀. Ní 2010, ní Nagoya ní Japan, wọ́n fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ lo irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ fún ìwádìí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì pín èrè rẹ̀ pẹ̀lú onílẹ̀. Àdéhùn Nagoya bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014.

Ìdí tó dára wà fún èyí. Àwọn kan ti mú ewé àti egbò láti ilẹ̀ ẹlòmíràn, wọ́n sọ ọ́ di oògùn, wọ́n sì lówó, láì rántí ẹni tó fi ewé náà hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì pẹ̀lú. Bí kòkòrò bá ń run oko ní oṣù yìí, tí ìwé àṣẹ sì máa gba ọdún méjì, kí ni àgbẹ̀ máa jẹ? Ìlànà tó ń dáàbò bo aláìní lọ́wọ́ olè tún lè fa ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sẹ́yìn. Èrò tèmi ni pé kí ọ̀nà méjì wà: ọ̀nà kan fún ẹni tó fẹ́ ta ohun tó rí, ọ̀nà mìíràn tó yá fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní í tà, bíi agbọ́n tí àgbẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè má gbà pẹ̀lú mi. Ẹ kọ ìdí yín sílẹ̀.

Ta ló ń mú iwájú?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí gúúsù London. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdírẹ́sì kan ní Croydon ni IITA ń tẹ̀ sára ìwé rẹ̀ fún lẹ́tà láti òkè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí Ìbàdàn láti ìlú mìíràn yóò kọ̀wé sí ibi tí kò jìnnà sí Peckham. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá ibi tí ìlẹ̀kùn wà nígbà náà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ mìíràn tó fi ìyípadà hàn. Ní 2008, Natural Resources Institute, tó jẹ́ ara Yunifásítì Greenwich, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní C:AVA pẹ̀lú owó láti ọ̀dọ̀ Bill & Melinda Gates Foundation. Ète rẹ̀ ni pé kí àwọn àgbẹ̀ ní Nàìjíríà, Gánà, Tanzania, Uganda àti Malawi lè máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe ìyẹ̀fun tó dára, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì àti bísíkíìtì lè rà. Nígbà tí apá kejì iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2014, Greenwich kọ́ ló mú iwájú mọ́. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, FUNAAB, ló gba ipò náà. Àwọn olùwádìí kan náà ló ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ìpinnu ti ń wá ti yí padà.

Síbẹ̀, owó náà ṣì ń ti òkèèrè wá. Yorùbá ní ọwọ́ tó ń fúnni ló ń lékè. Ní 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín owó ìrànwọ́ rẹ̀ fún òkè òkun kù láti 0.7 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì gé owó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí àjọṣe tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, Amẹ́ríkà ti USAID pa. Ìpinnu tí àwọn olóṣèlú ṣe ní Westminster tàbí ní Washington lè dá iṣẹ́ dúró nínú oko ní Ọ̀yọ́, láì jẹ́ pé àgbẹ̀ kankan dìbò.

Àwọn ìjọba Áfíríkà náà ní ìbéèrè láti dáhùn. Ní 2006, ní Khartoum, wọ́n ṣe ìpinnu pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò máa ná ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀ lórí ìwádìí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò tíì dé ibẹ̀. Àjọṣepọ̀ tí ẹnì kan ń mú owó wá, tí ẹnì kejì ń mú ilẹ̀ àti òógùn wá, lè mú èso rere jáde, bí a ti rí i. Ṣùgbọ́n jọ tó wà ní àárín ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé.

Ewu tó ń bọ̀

Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan ni à ń sọ. Àrùn mìíràn wà ní ìlà-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà tó máa ń mú kí inú ẹ̀gẹ́ jẹrà. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ewé lè dára lójú, kí àgbẹ̀ tó wa ilẹ̀ kí ó tó rí i pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìbẹ̀rù ńlá ni pé kí ó má dé Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé. Igi ẹ̀gẹ́ tí ẹnì kan gé, tó gbé sínú ọkọ̀ kọjá ẹnubodè láti fún ìbátan rẹ̀ gbìn, lè gbé àrùn náà lọ.

Ní 2015, àwọn olùwádìí ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní WAVE, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Côte d'Ivoire. Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń yẹ oko wò ní ọ̀nà kan náà, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n rí han ara wọn, kí orílẹ̀-èdè kan má baà mọ̀ kí èkejì má mọ̀. Wọ́n tún ń bá àwọn ìjọba àti àwọn ọba ìlú sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ó ṣe ní ọjọ́ tí àrùn náà bá dé. Àrùn kò tíì dé, ìlànà ti ń múra sílẹ̀. Ní 1973, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Kò sí ẹni tó lè dá ẹ̀gẹ́ gbà là nínú gbogbo àwọn tí a dárúkọ. Ẹ̀yin tó ń kọ́ Yorùbá ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ yín yóò di agbẹjọ́rò, oníṣègùn, òṣìṣẹ́ ìjọba, tàbí olùwádìí. Ní ọjọ́ kan, ẹ lè jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń pín owó ìwádìí tàbí ibi tí wọ́n ti ń kọ ìlànà. Èdè tí ẹ ń kọ́ yìí yóò jẹ́ kí ẹ lè gbọ́ ohun tí àgbẹ̀ ní Ìkirè ń sọ láti ẹnu ara rẹ̀, kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí wọ́n fi kọ́kọ́ gbé agbọ́n náà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó gbé e lọ sí Ìbàdàn?
2. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín "wọ́n jọ ṣe é" àti "wọ́n rán an níṣẹ́". Ẹ fi iṣẹ́ C:AVA ṣe àpẹẹrẹ.
3. Kí ni ó yẹ kí Paraguay gbà fún agbọ́n rẹ̀? Ẹni méjì kí ó sọ̀rọ̀ fún Paraguay, ẹni méjì fún àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà.
4. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta gàrí tàbí tó ń jẹ ẹ́ bí ó ṣe ń mọ gàrí tó dára. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní Yorùbá, ní gbólóhùn mẹ́wàá.